Bí wọ́n bá ní ayé mìíràn ń mí, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n léèrè

Àwọn àgbà ló ní Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Ìràwọ̀ ńlá tó máa ń tàn yanran lójú ọ̀run lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, tàbí kí ilẹ̀ tó mọ́ pátá, là ń pè ní Àgùàlà. Nítorí pé ó máa ń sún mọ́ òṣùpá lójú àwa tá a wà nílẹ̀, àwọn èèyàn fún un ní oyè tí kì í ṣe tirẹ̀. Àgùàlà kì í ṣe ajá ẹnikẹ́ni. Ayé tó dá dúró ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó ilé ayé tiwa yìí, oòrùn ló sì ń yí po bíi tiwa. Venus ni àwọn òyìnbó ń pè é.

Mo fi òwe yìí ṣíde ọ̀rọ̀ mi nítorí pé láti bí ọdún mélòó kan ni ìròyìn ti ń jáde lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí àmì ohun ẹlẹ́mìí nínú afẹ́fẹ́ àwọn ayé mìíràn. Ní oṣù September ọdún 2020, Àgùàlà yìí gan-an ni wọ́n dárúkọ. Ní oṣù April ọdún 2025, ayé kan tó jìnnà réré, tí wọ́n ń pè ní K2-18b, ló kàn. Bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá dé Ìgèdè-Èkìtì tàbí Ìyìn tàbí Aràmọ̀kọ̀, ọ̀nà méjì ni àwọn èèyàn máa ń pín sí. Àwọn kan á gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀, wọ́n á ní wọ́n ti rí èèyàn lójú ọ̀run. Àwọn kan á pòṣé, wọ́n á ní iṣẹ́ ló tán lọ́wọ́ òyìnbó.

Èrò tèmi ni pé ọ̀nà méjèèjì kò tọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà, ó sì yẹ ká mọ bí a ti ń béèrè kí a tó gbà tàbí kí a tó kọ̀. Ibi tí ọmọ ti ń kọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni yàrá tí à ń pè ní láàbù ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ibẹ̀ gan-an la sì ń pa tì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń mọ ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ ibi tí wọn kò dé. Ìmọ́lẹ̀ ló yára jù nínú gbogbo ohun tó ń rìn, síbẹ̀ ọdún 124 ló máa ń fi rìn láti K2-18b dé ọ̀dọ̀ wa. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò kí wọ́n tó kéde ọ̀rọ̀ ọdún 2025 ti kúrò níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1900, nígbà tí ogun Kírìjì kò tíì pẹ́ tó parí, tí Ògèdèǹgbé, ọ̀gágun Èkìtìparapọ̀, ṣì wà láàyè. Kò sí ọkọ̀ tó lè dé irú ibẹ̀ lójú ayé wa. Ìmọ́lẹ̀ yẹn nìkan ni wọ́n ní lọ́wọ́, òun náà ni wọ́n sì ń kà bí ẹni ń ka lẹ́tà. Awò ńlá kan tó ń jẹ́ James Webb, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sókè lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 2021, ni wọ́n fi ń kà á.

Gbogbo wa la ti rí òṣùmàrè. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó dà bíi funfun lójú wa ni ẹ̀kán omi òjò máa ń pín sí oríṣiríṣi àwọ̀. Awò àwọn onímọ̀ náà máa ń pín ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wá gba àárín gáàsì kan kọjá, gáàsì náà á mú díẹ̀ nínú àwọn àwọ̀ yẹn, ibi tó bá sì ti mú un á ṣókùnkùn tín-ín-rín bí ìgbà tí wọ́n bá fi abẹ kọ ilà. Gáàsì kọ̀ọ̀kan ló ní ilà tirẹ̀. Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tí mò ń sọ. Láyé ìgbà tí ilà ojú wọ́pọ̀, ẹ ó wo ojú èèyàn, ẹ ó rí àbàjà tàbí gọ̀ǹbọ́ tàbí pélé, ẹ ó sì ti fura sí ibi tó ti wá kó tó la ẹnu sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Lọ́dún 1868, wọ́n rí ilà kan lára ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí kò jọ ti gáàsì kankan tí wọ́n mọ̀. Wọ́n sọ gáàsì náà ní helium. Ó di ọdún 1895 kí wọ́n tó rí i lórí ilẹ̀ ayé níbí. Lára oòrùn ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀.

Irú ilà wo ló wá ń fi hàn pé ohun ẹlẹ́mìí wà níbì kan? Ẹ fojú inú wo ìkòkò omi tó ti jò nísàlẹ̀. Bí ẹ bá kọjá lẹ́bàá rẹ̀ láàárọ̀, tó kún, tí ẹ padà dé lálẹ́, tó ṣì kún, tó sì rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ gbogbo, ẹ ó mọ̀ pé ẹnìkan ń pọnmi sí i. Ẹ kò tíì rí ẹni náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ti hàn. Afẹ́fẹ́ ayé wa yìí ni irú ìkòkò bẹ́ẹ̀. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, ọ́síjìn kó nǹkan bí 21 níbẹ̀, ewé, koríko àti àwọn ohun aláwọ̀ ewé inú omi ló sì ń ṣe é. Gáàsì mẹ́tẹ́ènì náà wà nínú rẹ̀ níwọ̀nba, tó ń jáde láti inú àbàtà, ikùn màlúù, ilé ikán àti ààtàn. Àwọn méjèèjì kì í lè jọ gbé pẹ́, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni mẹ́tẹ́ènì máa ń tán lọ níbi tí ọ́síjìn bá wà. Bí a bá rí wọn pa pọ̀ láìtán, a jẹ́ pé nǹkan kan ń pọn wọ́n sínú ìkòkò.

Wọ́n tilẹ̀ ti dán an wò lára ayé tiwa. Ní oṣù December ọdún 1990, ọkọ̀ òfuurufú kan tó ń jẹ́ Galileo, tí kò ní èèyàn nínú, kọjá lẹ́bàá ilé ayé nígbà tó ń lọ sí Júpítà. Carl Sagan, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ọkọ̀ náà yẹ ilé ayé wò bí ẹni tí kò mọ ibẹ̀ rí. Nínú àbọ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1993, wọ́n ní ó rí ọ́síjìn, ó sì rí mẹ́tẹ́ènì pẹ̀lú rẹ̀. Ìdánwò náà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé ibi tí ẹ̀mí wà dájú ni wọ́n wò.

Àmọ́ ilà ojú máa ń jọra, ẹni tó bá sì fi ilà nìkan mọ èèyàn, ó lè pe ọmọ ìlú kan ní ọmọ ìlú mìíràn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí Àgùàlà nìyẹn. Lọ́dún 2020, Jane Greaves ti Yunifásítì Cardiff ní Wales àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn rí ilà gáàsì fọ́sífíìnì nínú ìkùukùu ibẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ka èyí sí nǹkan ńlá ni pé lórí ilẹ̀ ayé wa, gáàsì náà máa ń jáde níbi tí àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ń gbé láìsí ọ́síjìn. Kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀ mìíràn fi dìde, wọ́n ní gáàsì mìíràn wà tí Àgùàlà ní lọ́pọ̀lọpọ̀, sulphur dioxide, tí ilà rẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti fọ́sífíìnì pẹ́kípẹ́kí. Àwọn kan fi awò tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀ òfuurufú wá a, wọ́n ní àwọn kò rí i. Àwọn tó kọ́kọ́ kéde náà tún ìṣirò wọn ṣe, iye tí wọ́n pè wá sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Títí di òní ni wọ́n ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó lu ẹnìkejì, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n má bi òun ní ìbéèrè.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ta oúnjẹ oníhóró, ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa. Fọ́sífíìnì tí wọ́n ń wá lórí Àgùàlà yìí kò jìnnà sí ilé yín. Oògùn oníhóró tí wọ́n ń jù sínú àpò ẹ̀wà tàbí àgbàdo kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, èyí tó máa ń rú jáde bí afẹ́fẹ́ bá kàn án, òun gan-an ni gáàsì tó ń tú jáde nínú rẹ̀. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń jí i. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ó máa ń rọra wọ́ sílẹ̀, ibi tí ẹni tó sùn sórí ẹní gbé orí lé. Ó lè rùn bí ááyù tàbí ẹja tó ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́kẹ̀ lé òórùn, nítorí pé ó lè pani kí imú tó gbọ́ ọ. Kò sì ní oògùn kan pàtó tó ń pa agbára rẹ̀ tì. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè kó àpò ẹ̀wà tó ti fi oògùn sí wọ yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn. Ẹ má ṣe é láé. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fa gáàsì náà sínú, ẹ gbé e jáde síta gbangba, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọmọ tó bá ti kọ́ nípa gáàsì yìí nílé ẹ̀kọ́ lè gba gbogbo ilé là lọ́jọ́ kan. Ìmọ̀ tí wọ́n fi ń wá ẹ̀mí lójú ọ̀run náà ló ń dáàbò bo ẹ̀mí nínú yàrá.

Ti K2-18b náà kò yàtọ̀. Nikku Madhusudhan ti Yunifásítì Cambridge ló ṣáájú àwọn tó kéde ní ọdún 2025 pé ó ṣeé ṣe kí àwọn rí gáàsì kan tí àwọn ohun kéékèèké inú òkun máa ń ṣe lórí ilẹ̀ ayé. Wọ́n fúnra wọn sọ pé bó bá jẹ́ èèṣì lásán ni, irú àmì bẹ́ẹ̀ lè yọjú nígbà 3 nínú 1,000. Lójú ẹni tó ń ta ayò, ìyẹn ti tó. Àmọ́ òdiwọ̀n tí àwọn onímọ̀ náà fi de ara wọn ni pé irú èèṣì bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tó ẹ̀ẹ̀kan nínú mílíọ̀nù kan. Àwọn mìíràn tún ìmọ́lẹ̀ kan náà yẹ̀ wò, wọ́n ní àwọn kò rí ohun tó dájú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, lọ́dún 2024 ni àwọn kan sọ pé wọ́n rí gáàsì yìí kan náà lára ìràwọ̀ onírù kan, ibi tí kò sí ohun ẹlẹ́mìí kankan. Ẹ ò rí i pé ìwé ìròyìn tó bá kọ ọ́ gàdàgbà pé wọ́n ti rí ẹ̀mí ti sáré ju àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà lọ.

Ohun tí mo fẹ́ fà yọ nìyí. Gbogbo àríyànjiyàn àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yìí, ọmọ ọdún mẹ́tàlá lè fojú rí i nínú láàbù ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi kan wà tí àwọn olùkọ́ kẹ́mísìrì ń pè ní lime water. Kì í ṣe omi ọsàn wẹ́wẹ́ o. Ìyẹ̀fun funfun kan ni wọ́n máa ń pò mọ́ omi, tí wọ́n á sẹ́ ẹ títí tí yóò fi mọ́ gaara. Kí ọmọ mú igi ewé ìbẹ́pẹ tó ní ihò, kó ti ẹnu rẹ̀ kan bọ inú omi náà, kó sì rọra fẹ́ èémí sí i. Omi tó mọ́ á funfun bíi wàrà. Gáàsì carbon dioxide tó wà nínú èémí wa ló ṣe é. Ọmọ á pariwo pé òun ti rí àmì ẹ̀mí. Kí olùkọ́ wá jó èédú nínú ìgò, kó da omi gaara mìíràn sí i, kó mì í. Òun náà á funfun. Ṣé èédú ń mí ni? Láti ọjọ́ yẹn lọ, ọmọ náà á mọ̀ pé àmì kan lè ní ìdí méjì, yóò sì máa béèrè pé kí ni nǹkan mìíràn tó tún lè fà á. Ẹni tó bá ti kọ́ èyí, àwọn oníjìbìtì kò ní tètè rí i mú, ẹni tó ń ta oògùn gbogbo-ǹ-ṣe nínú ọkọ̀ kò sì ní rí owó gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè ní ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run kò kan ọmọ Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn Zagami. Lọ́jọ́ kẹta oṣù October ọdún 1962, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí a ṣe àjọ̀dún ọdún kejì òmìnira, àgbẹ̀ kan wà nínú oko àgbàdo rẹ̀ ní Zagami, ní ilẹ̀ Katsina. Ó gbọ́ ìró ńlá, nǹkan kan já bọ́ láti òkè, ó sì wọlẹ̀ ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta sí ibi tó dúró sí. Ó kọ́kọ́ bẹ̀rù, ó rò pé bọ́ǹbù ni. Nígbà tó wo inú ihò náà, òkúta dúdú ló bá níbẹ̀. Òkúta náà wọn nǹkan bíi kìlógírámù 18, kò tó ìlàjì àpò sìmẹ́ǹtì. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ òkúta ìjọba ní Kaduna.

Láti Máàsì ni òkúta náà ti wá, ayé mìíràn tó ń yí oòrùn po bíi tiwa. Nǹkan ńlá kan ló kọlu Máàsì ní nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ọdún sẹ́yìn, tí òkúta fi fò kúrò níbẹ̀. Ìkọlù náà sọ apá kan lára òkúta di bíi gíláàsì, afẹ́fẹ́ Máàsì sì há sínú rẹ̀. Lọ́dún 1976, àwọn ọkọ̀ Viking ti Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sórí Máàsì, wọ́n sì wọn afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ afẹ́fẹ́ inú gíláàsì òkúta Zagami wò, tí wọ́n sì kọ àbọ̀ rẹ̀ lọ́dún 1995, ó bá ti Viking mu. Ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ ayé mìíràn ti wà nínú oko àgbàdo ní Nàìjíríà kí àwọn ọkọ̀ náà tó gbéra rárá. Ní oṣù November ọdún 1996, oṣù kan péré lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Mars Global Surveyor gbéra lọ sí Máàsì, wọ́n sì fi ègé kékeré lára òkúta Zagami sínú rẹ̀. Òkúta tó ti Máàsì wá sọ́dọ̀ wa padà sílé. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ lára òkúta náà ti kúrò lọ́wọ́ Nàìjíríà, ó ti wà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò àti àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun. Ẹ bi ọmọ yín tó ń ṣe kẹ́mísìrì bóyá ó gbọ́ orúkọ Zagami rí.

Mo mọ èsì tí àwọn kan máa fọ̀. Wọ́n á ní ojú ọ̀nà ò dáa, owó ìfẹ̀yìntì kò tètè ń wọlé, kí ni ti ìràwọ̀? Òótọ́ ni wọ́n sọ, èmi náà kò ní kí ìjọba ìpínlẹ̀ lọ ra awò olówó gọbọi. Iṣẹ́ ìyẹn wà lọ́wọ́ àwọn tó ní í ṣe. Ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfuurufú tó wà fún ilẹ̀ Áfíríkà ti wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ láti ọdún 1998. Ìjọba àpapọ̀ fi NigeriaSat-1 ránṣẹ́ sókè lọ́dún 2003. Lọ́dún 2017 ni sátẹ́láìtì kékeré tó ń jẹ́ EduSat-1, tí Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ákùúrẹ́ nídìí rẹ̀, gòkè lọ. Akúrẹ́ kò jìnnà sí Adó. Ohun tí mò ń béèrè fún kéré ju èyí lọ: ìgò, omi, ìyẹ̀fun funfun, èédú, àti olùkọ́ tó mọ iṣẹ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀, ìgbà tí ìdánwò WAEC bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n tó ń ṣílẹ̀kùn láàbù. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan ìgò rí títí di ìgbà yẹn kò kọ́ kẹ́mísìrì, ó kàn há a sórí ni. Èkìtì tí wọ́n mọ̀ káàkiri pé ó bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kò gbọ́dọ̀ di ibi tí wọ́n ti ń há sáyẹ́ǹsì sórí.

Àwọn ẹlẹ́sìn kan náà ń bẹ̀rù pé wíwá ẹ̀mí níbòmíràn dà bí ẹni ń bá Ọlọ́run jà. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbà pé Ọlọ́run ló dá ohun gbogbo kò yẹ kó bẹ̀rù láti wo ohun tó dá. Bí wọ́n bá rí nǹkan, iṣẹ́ Rẹ̀ ni wọ́n rí. Bí wọn kò bá rí i, a ó túbọ̀ mọ iyì èyí tí a ní lọ́wọ́.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta. Èkínní, kí ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ l'Ádó àti àwọn alákòóso Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn ní Ìgèdè rí i pé láàbù ń ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, kì í ṣe ìgbà ìdánwò nìkan. Èkejì, kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, tí wọ́n máa ń dáwó fún géètì àti aṣọ ẹgbẹ́jọdá nígbà Kérésìmesì àti Àjíǹde, yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ohun èlò kẹ́mísìrì. Ẹ̀kẹta, bí òkúta dúdú bá já bọ́ láti òkè sínú oko ẹnikẹ́ni, kó má fọ́ ọ, kó má tà á fún àlejò. Kó jẹ́ kí ọba àti àwọn olùkọ́ mọ̀, kí wọ́n lè gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ òkúta ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì.

Lọ́jọ́ kan, ìròyìn mìíràn á tún dé pé ayé kan ń mí. Bí ó bá dé, ẹ má pòṣé, ẹ má sì jó. Ẹ pe ọmọ tó ń ṣe kẹ́mísìrì nínú ilé, kí ẹ bi í pé: ilà wo ni wọ́n rí, ta ló tún rí i yàtọ̀ sí wọn, kí sì ni nǹkan mìíràn tó lè fà á? Bí ọmọ náà bá lè dá yín lóhùn, owó ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ san kò ṣègbé.